Ìwé Méjì, Ọmọ Kan

Mo ń rán bọ́tìnnì mọ́ ẹ̀wù òtútù kan lọ́wọ́ nínú yàrá tí mo háyà ní Ẹ̀pẹ́, nígbà tí wọ́n ránṣẹ́ pè mí ní ọ́fíìsì ìjọba. Olùkọ́ kékeré ni mí nígbà náà, ṣáájú òmìnira, ilé ìwòsàn kan ní ìlú òyìnbó sì ti gbà mí láti wá kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Ìwé ìrìnnà nìkan ló kù. Mo tilẹ̀ ti ń dágbére káàkiri, aláìmọ̀kan tí mo jẹ́.

Akọ̀wé tẹ́ ìwé méjì síwájú mi. Èyí tí bàbá mi búra sí ní kóòtù wí pé Ìkòròdú ni wọ́n ti bí mi. Káàdì ìrìbọmi mi wí pé Ògijo ni.

"Sísí, èwo ni ká gbà gbọ́? Ẹni tí wọ́n bí ní Ìkòròdú, ọmọ ìlú ọbabìnrin òyìnbó ni. Ẹni tí wọ́n bí ní Ògijo, ọbabìnrin kàn ń dáàbò bò ó ni."

"Ọ̀gá, ẹsẹ̀ ni à ń fi rìn láti Ìkòròdú dé Ògijo."

"Ẹ máa rìn ín o. Ààlà tí ìjọba òyìnbó fà wà níbẹ̀. Kí bàbá yín wá yí ọ̀rọ̀ wọn padà."

Òtítọ́ ni káàdì ń sọ. Ọmọ Ògijo ni ìyá mi, bí àwọn obìnrin wa sì ti máa ń ṣe, ilé ìyá rẹ̀ ló lọ bí àkọ́bí rẹ̀ sí. Bàbá mi náà kò purọ́ lójú ara rẹ̀. Bí o bá bi àgbàlagbà ìlú wa léèrè ibi tí wọ́n ti bí ọmọ rẹ̀, ilé ara rẹ̀ ni yóò dárúkọ. Ilé àna kò sí nínú ìdáhùn.

Mo wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Ìkòròdú, mo ṣàlàyé bí ẹni ń kọ́ ọmọ kíláàsì kìn-ín-ní.

"Kí n wá lọ jẹ́wọ́ níwájú akọ̀wé pé ọmọ mi kì í ṣe ọmọ ilé mi?" ni bàbá mi wí. "Odò tó bá gbàgbé orísun rẹ̀..." Kò parí òwe náà, ó mọ̀ pé mo mọ ìyókù.

"Bàbá, ibi tí màmá bí mi sí ni wọ́n ń béèrè."

Ìyá mi bú sẹ́rìn-ín láti ìdí ààrò. "Ṣé kí n dì ọ́ mọ́nú títí n ó fi padà kọjá ààlà ni? Ta ló tiẹ̀ fi ààlà hàn mí?"

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo lọ, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo bọ̀ lófo. Akọ̀wé ní òfin ni; bàbá mi ní ìdílé ni. Kò sí ẹni tó bi mí ní ọjọ́ tí ilé ẹ̀kọ́ yóò wọlé. Níkẹyìn, ilé ìwòsàn náà kọ̀wé pé àwọn ti fi ẹlòmíràn rọ́pò mi. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì, mo fi í sábẹ́ ìrọ̀rí.

Ọjọ́ kẹrin rẹ̀ ni bàbá mi sọ̀ kalẹ̀ ní èbúté Ẹ̀pẹ́, láìránṣẹ́ ṣáájú, pẹ̀lú fìlà tó ń dé lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Kò mu omi tí mo gbé fún un. Ọ́fíìsì ló kọrí sí, mo tẹ̀lé e, ó sì tẹ̀ka síbi tí wọ́n ní kó tẹ̀. Nígbà tí a ń padà bọ̀, ó ń rìn bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ta ilẹ̀ bàbá rẹ̀.

Mo ti dàgbà tó bàbá mi ìgbà náà báyìí, inú ṣì ń bí mi, n kò sì mọ ẹni tí ǹ bá bínú sí. Wọ́n fa ààlà sáàárín ilé ìyá àti ilé bàbá ọmọ kan, wọ́n wá ní kí ọmọ náà ṣàlàyé rẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà ní èbúté, ẹnu mi kò gbà á láti sọ fún bàbá mi pé àyè náà ti bọ́. Ó ti gbé ẹsẹ̀ kan sínú ọkọ̀ kó tó yíjú sí mi.

"Mo ti ṣe é o. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá bi ọ́ ní ìlú òyìnbó lọ́hùn-ún, Ìkòròdú ni kí o wí."