Aláwọ̀n Ló Ń Mú Kẹ́yìn

Èmi kì í tètè gba káńsù gbọ́. Kí n yáa sọ ọ́ báyìí, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé wọ́n rán mi níṣẹ́ ni. Nígbà tí mo gbọ́ pé àwọn òṣìṣẹ́ ń bọ̀ wá bá wa wá nǹkan ṣe sí òkun tó ń jẹ ilẹ̀ wa, mo ní ẹnu dùn ún rò'fọ́. Epo àgbọn ni mò ń tà ní Àgbádárìgì, mo sì ti rí òṣìṣẹ́ tó wá ya fọ́tò tó sì bá tirẹ̀ lọ.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kàn mí ju bí mo ṣe ń fẹnu tẹ́ńbẹ́lú rẹ̀ lọ. Ìyá mi ń gbé ní òdì kejì ọ̀sà, lókè Tòpó díẹ̀, níbi tí ilẹ̀ ti rí tẹ́ẹ́rẹ́ láàárín ọ̀sà àti òkun. Iwájú ilé rẹ̀ ni sàréè bàbá mi wà. Nígbà tí a sin bàbá, èèyàn á rìn títí lábẹ́ igi àgbọn kí omi tó kàn án lẹ́sẹ̀. Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, àwọn igi náà ti ṣubú tán, òkun sì ti dé ibi tí màmá máa ń sá aṣọ sí.

Mo bẹ̀ ẹ́, bẹ̀ ẹ́, kó wá máa gbé lọ́dọ̀ mi. Kò gbà. Ó ní ibi tí ọkọ òun sùn sí ni wọ́n máa tẹ́ òun náà sí, kí n ṣáà máa ta epo mi. Tí mo bá tún fi kún un, á bọ́ sí èdè Ègùn, mo sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn.

Obìnrin ni ẹni tí káńsù rán wá, kò tíì tó ogójì ọdún. Bàtà òjò tó dé orúnkún ló wọ̀. Bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ni omi kún inú bàtà náà, ẹ̀rín sì pa wá. Òun náà rẹ́rìn-ín, ó bọ́ bàtà, ó da omi inú rẹ̀ nù, ó wá jókòó lábẹ́ igi furúùtù. Ó ní kí a kọ́kọ́ sọ ohun tí ojú wa ti rí, kí òun tó sọ tòun. Àwa bá ń rò, ó ń gbọ́, títí oòrùn fi kan àtàrí. Látọjọ́ náà, Àǹtí Káńsù ni gbogbo wa ń pè é.

Ohun tó sọ fún wa ni pé ojú ọjọ́ ti yí padà, omi òkun ń ga sí i káàkiri ayé, kì í ṣe pé àwa nìkan la ṣẹ̀. Mo rí àwọn bàbá àgbà tí wọ́n mí kanlẹ̀ nígbà tó sọ bẹ́ẹ̀, torí wọ́n ti ń bi ara wọn pé ta ló dá irú ẹ̀ṣẹ̀ yìí. Ó ní ọgbà ni a máa ṣe. A ó ri igi mọ́lẹ̀ ní ìlà méjì, a ó hun imọ̀ àgbọn mọ́ ọn, a ó ki èèpo àgbọn sáàárín. Afẹ́fẹ́ á máa gbé yanrìn bọ̀, ọgbà á máa mú un dúró. Lẹ́yìn ọgbà la ó gbin ọmọ àgbọn sí. Káńsù á mú igi, okùn àti ọkọ̀ wá. Àwa á mú imọ̀, èèpo àti ọwọ́ wá. Èèpo tí mo máa ń dáná sun lẹ́yìn ìsọ̀ mi ni mo wá ń dì sápò ránṣẹ́ sókun.

Ní ọ̀dọ̀ wa, tí wọ́n bá ń fa àwọ̀n ńlá létí òkun, ẹnikẹ́ni tó bá fọwọ́ kan okùn ní ìpín nínú ẹja, ì báà jẹ́ àlejò tó ń kọjá lọ. Gbogbo wọn á sì mú tiwọn tán kí aláwọ̀n tó mú tirẹ̀. Bàbá mi ni aláwọ̀n nígbà ayé rẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀, ọwọ́ màmá mi ni àwọ̀n náà wà.

Bí wọ́n ṣe ń fa àwọ̀n ni wọ́n ṣe iṣẹ́ ọgbà náà: wọ́n tò sí ọwọ́ méjì, ẹnìkan ń lé orin, àwọn yòókù ń gbè é. Àwọn òṣìṣẹ́ tó wá bojú tó wa nìkan ni kò kọ́kọ́ ríbi dúró sí. Kó tó di ọ̀sán, wọ́n ti ká ṣòkòtò sókè, àwọn náà ń fa igi.

Ṣùgbọ́n kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, wàhálà ti kọ́kọ́ dé: igi kò ní tó gbogbo etíkun kí òjò tó dé, ìyókù á di ìgbà tí òkun bá rọ̀. Àǹtí Káńsù ní kí a fẹnu ara wa sọ ibi tí a ó ti bẹ̀rẹ̀. Kànga tí gbogbo wa ń mu wà lápá kan, pẹ̀lú ilé ẹ̀kọ́. Sàréè bàbá mi wà lápá kejì. Olúkúlùkù ń wolẹ̀. Mo ti dìde tán láti rán wọn létí pé kò sí ẹni tí kò jẹ ẹja àwọ̀n ọkùnrin yẹn rí, àfi bí màmá ṣe ṣáájú mi.

"Aláwọ̀n ló ń mú kẹ́yìn," ó ní. "Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìdí kànga."

Inú bí mi. Nígbà tí a délé, mo bi í bóyá ó ti gbàgbé ibi tó ní kí wọ́n tẹ́ òun sí. Ó ní òun kò gbàgbé. Ó wá bi mí bóyá omi iyọ̀ ni kí ọmọ ọlọ́mọ máa mu nítorí òkú òun. Mo kó ẹrù mi, mo wọ ọkọ̀ padà sí Àgbádárìgì.

Nígbà tí ìbínú mi rọ̀, tí wọ́n ti ṣe ọgbà ìdí kànga tán, mo padà lọ. Láti kékeré ni mo ti ń wo òkun, kíkó ni mo mọ̀ ọ́n mọ́, n kò rí i kó dá nǹkan padà rí. Ọgbà tí wọ́n ṣe ga dé àyà, kò ju orúnkún mi lọ mọ́. Yanrìn ti gùn ún! Yanrìn tuntun, funfun, kò sí ẹni tó fi ṣọ́bìrì kó o síbẹ̀. Mo la ẹnu, n kò lè pa á dé. Imọ̀ àgbọn lásán, èèpo tí mo ń sun níná! Àǹtí Káńsù kúnlẹ̀ sórí yanrìn náà, ó tẹ́ ọwọ́ méjèèjì lé e, ó ní òun ti kà á nínú ìwé ṣùgbọ́n ojú òun kò rí i rí. Omijé wà lójú rẹ̀. Ó wà lójú tèmi náà.

Ṣùgbọ́n òkun kò dúró de apá tiwa. Láàárín òjò, igun kan sàréè bàbá mi là. Màmá jókòó tì í láàárọ̀ ọjọ́ kan. Nígbà tó dìde, ó ránṣẹ́ sí àwọn àgbà àti Àǹtí Káńsù pé kí wọ́n wá bá òun gbé ọkọ òun kúrò. Káńsù fọwọ́ sí i, wọ́n rán wolé-wolé wá pé kí wọ́n ṣe é bó ṣe yẹ. Wolé-wolé náà ló yan ilẹ̀ lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́, tó jìnnà sí kànga.

Lọ́jọ́ náà, kò sí ọkọ̀ kan tó lọ sókun. Wọ́n fi aṣọ funfun dì í, àwọn tó ti bá a fa àwọ̀n rí ló gbé e. Mo bojú wẹ̀yìn, mo rí gbogbo ìlú: àwọn tí ọgbà ti gba ilé wọn là, àwọn ìyá pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn, àwọn òṣìṣẹ́ káńsù pẹ̀lú fìlà lọ́wọ́. Ẹnìkan kò kọrin. Mo ti rí ìsìnkú olówó ní Àgbádárìgì, èyí tí wọ́n fọn fèrè sí, ṣùgbọ́n ẹ̀rù tó bà mí lọ́jọ́ yẹn, ẹ̀rù ọ̀wọ̀ ni, kò bà mí bẹ́ẹ̀ rí. Mo ronú pé bàbá mi kì í kúkú ṣe ọba, síbẹ̀ gbogbo ìlú dìde fún un.

Àwọn ọ̀dọ́ ti gbẹ́ ilẹ̀ sílẹ̀ dè wá. Màmá sún mọ́ ọn, ó wò ó, ó yí i ká. Mo rò pé ó fẹ́ ṣubú, mo dì í lápá mú. Ó yọ ọwọ́ mi.

"Ẹ gbẹ́ ẹ fẹ̀ sí i," ó ní. "Ó kéré fún èèyàn méjì."

Àwọn ọ̀dọ́ náà ń wo ara wọn. Àǹtí Káńsù ló kọ́kọ́ mú ṣọ́bìrì. Èmi ni mo tẹ̀ lé e.