Kámẹ́rà tó ń kú tílẹ̀ bá ti ṣú

Wọ́n lé àgbàlagbà lẹ́nu iṣẹ́ láìṣẹ̀, ẹ̀yin èèyàn mi.

Bàbá Ṣọjí ló ń ṣọ́ sítọ̀ sìmẹ́ǹtì kan l'Aduwawa, ní Benin. Kámẹ́rà géètì máa ń kú tílẹ̀ bá ti ṣú. Ọ̀gá ní Bàbá ló ń yọ wáyà kó lè ráyè sùn, ló bá lé e.

Iṣẹ́ kámẹ́rà ni mò ń ṣe, òní ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pè mí wá wò ó. Lọ́sàn-án gangan, mo fàtẹ́lẹwọ́ bo ojú kámẹ́rà. Ó rò pé ilẹ̀ ti ṣú, ó tan iná tó fi ń ríran lóru, ló bá kú. Iná tó ń gba inú wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì wá ò tó o. Ẹsítẹ́ńdà méjì, ẹ̀rọ kékeré tó ń mú wáyà gùn, tí wọ́n fi fà á dé géètì ti jẹ lára ẹ̀ lọ́nà.

Èmi ni mo so méjèèjì lọ́jọ́ tí mo gbé kámẹ́rà náà kọ́.

Mo ṣàlàyé fún ọ̀gá. Ó ní, "Abeg, just repair am. I don get another gateman."

Ẹ jọ̀ọ́, tó bá jẹ́ ẹ̀yin ni, kí lẹ máa lọ sọ fún Bàbá?