Abẹ Tó Bá Ọwọ́ Òsì Bàbá Mi Mu

Mo mọ abẹ ìfárùngbọ̀n ju bí ọ̀pọ̀ ọkùnrin ṣe mọ ẹ̀rẹ̀kẹ́ ara wọn lọ. Kì í ṣe pé mò ń fọ́nnu. Ìsọ̀ bàbá mi ní ọjà Kejetia ní Kumasi ni mo ti dàgbà, láàárín abẹ, àlùmọ́gàjí, òòyà àti dígí, nígbà tí wọn kò tíì máa pe ilẹ̀ náà ní Gánà. Nígbà tí mo fi tó ẹni tí wọ́n ń wá fẹ́, èmi ni mo ń jókòó ti ọjà náà, torí bàbá mi gbà pé ojú mi mú ju ti àwọn ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin lọ. Ojú mi sì mú ju tiwọn lọ lóòótọ́.

Bí ojú abẹ bá ṣe fẹ̀ sí la fi ń mọ ìwọ̀n rẹ̀. Òyìnbó pín ínǹṣì kan sí ọ̀nà mẹ́jọ. Abẹ tó bá fẹ̀ tó mẹ́rin nínú rẹ̀, onímẹ́rin là ń pè é, tín-ín-rín ni. Onímárùn-ún ló tẹ̀lé e, lẹ́yìn rẹ̀ onímẹ́fà, oníméje sì ni bàbá gbogbo wọn. Kò sí ọkùnrin tó máa dé ìsọ̀ wa tí kì í ṣe oníméje ni yóò kọ́kọ́ nawọ́ sí. Wọ́n rò pé bí abẹ bá ṣe tóbi tó ni ọkùnrin ṣe jẹ́ ọkùnrin tó.

Awakọ̀ kan wá láti Santasi lọ́jọ́ kan, irun àgbọ̀n rẹ̀ kò ju ti ewúrẹ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ já lẹ́nu ọmú lọ, àfi oníméje ló fẹ́. Mo ní kó fi ọwọ́ rẹ̀ hàn mí. Ó rò pé mo fẹ́ bá a ṣeré ìfẹ́, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Mo wo ìka rẹ̀, mo gbé onímárùn-ún fún un. Ó ní ketewa ni, ìyẹn ni pé ó kéré jù lédè Twi, ó ní ti obìnrin ni. Mo sọ fún un pé bó bá fi oníméje gé imú ara rẹ̀, kí ó má ṣe gbé imú náà wá bá mi. Ó ra èyí tí mo fún un, nígbà tó sì tún padà wá, ó mú ọ̀rẹ́ rẹ̀ lẹ́yìn.

Bàbá mi ló kọ́ mi bẹ́ẹ̀. Ó ní ọwọ́ ni kí n kọ́kọ́ wò, kí n tó wo irun. Abẹ tó fẹ̀ wúwo, ìwúwo rẹ̀ ló ń bá a gé irun líle, ọṣẹ púpọ̀ sì ń dúró lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n kì í lè wọ abẹ́ imú àti kọ́lọ́fín àgbọ̀n. Èyí tó tín-ín-rín ń wọ ibi gbogbo, ṣùgbọ́n ó fúyẹ́, ẹni tó ń lò ó ló máa fi agbára tirẹ̀ kún un. Oníméje ni bàbá mi fúnra rẹ̀ ń lò. Apá rẹ̀ le, irun rẹ̀ nípọn, abẹ náà sì bá a mu.

Gbogbo ọjọ́ Ìsinmi ni ó ń fá àgbọ̀n rẹ̀ kó tó lọ sí ìjọ onítẹ̀bọmi tí àwa ará Ògbómọ̀ṣọ́ ń lọ. Òun ló ń ka Ìwé Mímọ́ fún ìjọ. Yóò dúró ṣánṣán, àgbọ̀n rẹ̀ yóò máa dán, ohùn rẹ̀ yóò sì dé ẹnu ọ̀nà. Èmi ọmọ rẹ̀ a máa wo ọ̀tún wo òsì, kí n mọ̀ bóyá gbogbo wọn ń gbọ́.

Ẹ̀gbà wá kọlù ú. Ọlọ́run bá wa ṣe é, kò mú ẹnu rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì padà gbé e nílẹ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kò lè di nǹkan mú dáadáa mọ́. Irun bẹ̀rẹ̀ sí í bo ojú rẹ̀. Ó ní òun kò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn àgbà ìjọ wá bẹ̀ ẹ́ pé kí ó máa bọ̀ pẹ̀lú irùngbọ̀n rẹ̀, Ọlọ́run kò wo irun. Ó dá wọn lóhùn pé Ọlọ́run lè má wò ó, ṣùgbọ́n ojú òun kò lè gbà á kí òun ka ọ̀rọ̀ Rẹ̀ bí ẹni tó sun inú igbó mọ́jú. Ìyá mi ránṣẹ́ pe onígbàjámọ̀ Hausa tó jáfáfá jù ní àdúgbò Race Course. Bàbá mi kí ọkùnrin náà dáadáa, ó fún un ní obì, ó sì ní kó máa lọ. Ó ní láti ọjọ́ tí òun ti fẹsẹ̀ rìn láti Ògbómọ̀ṣọ́ wá, kò sí ẹni tó fi abẹ kan ọ̀fun òun rí, kò sì ní bẹ̀rẹ̀ báyìí. Mo mú réèsà tuntun tí àwọn akọ̀wé ń rà lọ fún un. Ó yí i wò, ó ní ohun tí wọ́n ń sọ ojú rẹ̀ nù, tí wọ́n ń pààrọ̀ rẹ̀ lójoojúmọ́, kì í ṣe irinṣẹ́.

Ẹ̀rù bẹ̀rẹ̀ sí í bà mí. Oúnjẹ kò wù ú mọ́. Yóò kọjú sí ògiri lórí àga rẹ̀ láti òwúrọ̀, bí a bá sì kí i, yóò dáhùn bí ẹni tí ń dágbére. Ìyá mi sọ fún mi nínú ilé ìdáná pé ọkọ òun ti ń kú lọ díẹ̀díẹ̀, àìsàn kọ́ ló sì ń pa á. Mo mọ̀ pé òótọ́ ló sọ. Bí bàbá mi kò bá fọwọ́ ara rẹ̀ fá ojú rẹ̀, kò ní jáde mọ́, bí kò bá sì jáde, kò ní pẹ́ láàárín wa.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, mo bá a pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ lọ́rùn ẹ̀wù. Ó ti fi ọwọ́ òsì gbé oníméje rẹ̀. Ẹni tó ti ń yan abẹ fún gbogbo Kumasi kò lè yan tirẹ̀. Mo gba abẹ náà, mo fi pamọ́, mo sì lọ mú onímẹ́rin wá. Mo rò pé èyí tó kéré jù ni yóò rọrùn jù fún ọwọ́ tí kò mọ iṣẹ́.

Mo kúnlẹ̀, mo ní, “Bàbá, mepa wo kyɛw, ẹ na ọwọ́ òsì yín.”

Ó ní, “Tó bá jẹ́ pé ẹ̀bẹ̀ lò ń bẹ̀, Yorùbá ni kí o fi bẹ̀ mí.”

Mo fi Yorùbá bẹ̀ ẹ́. Ó wo ọwọ́ òsì náà bí ọwọ́ ẹlòmíràn. Ní Ògbómọ̀ṣọ́ tàbí ní Kumasi, ta ló ń fi òsì gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà? Ó bi mí bóyá ọwọ́ òsì ni kí òun fi tọ́jú ojú tí òun fẹ́ gbé lọ sílé Ọlọ́run.

Mo ní, “Ẹ̀yin lẹ kọ́ wa pé ọ̀tún wẹ òsì, òsì wẹ ọ̀tún, lọwọ́ fi ń mọ́. Ọ̀tún ti ń wẹ òsì láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Ó ti kan òsì báyìí.”

Ó ní ẹnu mi yìí ni yóò lé ọkọ sá fún mi. Ṣùgbọ́n ó gba abẹ náà.

Onímẹ́rin dójú tì mí. Ó fúyẹ́ jù. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá gbọ̀n díẹ̀, abẹ á fò. Ó gé e lábẹ́ ètè kí n tó sọ pé kó dúró. Bàbá mi gbé abẹ náà lé orí tábìlì, ó sì tún kọjú sí ògiri. Inú bí mi sí ara mi débi pé n kò lè jẹun.

Nígbà tí mo dé ìsọ̀, mo fi aṣọ dí iwájú rẹ̀, mo ká ìró mi sókè, mo fi ọṣẹ pa ojúgun mi, mo sì fi ọwọ́ òsì gbìyànjú abẹ kọ̀ọ̀kan. Obìnrin tó ń ta ìlẹ̀kẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa yọjú, ó ní ṣé mo ti ń di ọkùnrin ni. Mo ní kó gbájú mọ́ ìlẹ̀kẹ̀ rẹ̀. Oníméje ń fa ọwọ́ mi lọ síbi tó wù ú. Onímẹ́fà sàn díẹ̀. Onímárùn-ún ló dúró síbi tí mo fi í sí: ó wúwo tó láti jókòó lórí awọ ara, ọwọ́ tí kò lágbára sì lè yí i. Mo wá ọ̀kan tí ṣóńṣó orí rẹ̀ rí róbótó, kó má baà gún un. Mo pọ́n ọn lára awọ títí irun apá mi fi ń já bí mo bá kàn fi kàn án. Kò sí iyèméjì lọ́kàn mi mọ́.

Bàbá mi kò tètè gbà á. Nígbà tó gbà, mo ní kó máa fi ẹ̀yìn abẹ fa ọṣẹ kúrò lójú ná, kí ọwọ́ òsì kọ́ ọ̀nà. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ bíi mélòó kan, ó ń kùn sí mi ní gbogbo àkókò náà. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìsinmi kan, ó pè mí pé kí n wá di dígí mú. Mo rí i pé ojú abẹ ló yí síwájú. Ó fi àwọn ìka ọ̀tún rẹ̀ tó ti rọ tẹ ẹ̀rẹ̀kẹ́, wọ́n na awọ ara náà díẹ̀, òsì sì fa abẹ wálẹ̀. Irun àti ọṣẹ bọ́ papọ̀. Mo ń gbé dígí tẹ̀ lé e títí ó fi dé àgbọ̀n.

Kò sí ẹ̀jẹ̀. Ojú bàbá mi ló wà nínú dígí, ojú tí mo mọ̀. Ṣùgbọ́n lábẹ́ párì ọ̀tún, níbi tí òsì ti ṣòro láti dé, irun díẹ̀ ṣì kù, kò ju orí ìka lọ. Aago ṣọ́ọ̀ṣì ti ń dún. Ìyá mi ti dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ẹ̀wù tí Bàbá yóò wọ̀.

Ó bi mí pé, “Ó ti mọ́?”

Mo ní, “Ó ti mọ́, Bàbá.”

Ó nu ojú abẹ náà, ó pa á dé, ó sì fi ọwọ́ òsì gbá mi lórí jẹ́jẹ́.

“Irọ́ lò ń pa. Mo mọ ibi tó kù. Jẹ́ kó wà níbẹ̀. N ó bá a wí lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.”

Mo gbé dígí náà lé orí tábìlì. Mo bú sẹ́kún níwájú rẹ̀, n kò tijú. Láti ìgbà tí ẹ̀gbà ti mú un, n kò gbọ́ kó dárúkọ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ rí.