Páúdà Tó Ń Mú Omi Ki

Nígbà tí bàbá mi ti ilé ìwòsàn dé lẹ́yìn tí àrùn rọpárọsẹ̀ kọlù ú, a rò pé ẹsẹ̀ rẹ̀ ló máa fún wa níṣòro jù. A kó àga kúrò lọ́nà, a gbé ibùsùn rẹ̀ wá sí pálọ̀, a wá ọ̀pá tó máa fi máa rìn. Àṣé omi ló máa dá wa lágara. Bó bá ti gbé ife sẹ́nu, tó gbé díẹ̀ mì, ikọ́ á dé. Ikọ́ náà á mú un títí ojú rẹ̀ á fi pọ́n, èmi á máa fọwọ́ rọra lù ú lẹ́yìn. Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sá fún ife. Ọkùnrin tó fi ọdún gbọọrọ ṣe tíṣà ní Yaba, tí gbogbo ilé ń bẹ̀rù, òun náà ló wá ń bẹ̀rù omi.

Nígbà tí a padà lọ fún àyẹ̀wò, mo fi ọ̀rọ̀ náà lọ nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú rẹ̀. Ó ṣàlàyé fún mi pé iṣan ọ̀fun bàbá ti dẹ̀, pé omi ń yára jù fún un. Kó tó gbé e mì, omi ti yà sí ọ̀nà èémí.

"Ó lè ṣe ẹ̀dọ̀fóró wọn léṣe bó bá ń rí bẹ́ẹ̀," ó ní. "Ẹ jẹ́ ká mú kí omi náà ki díẹ̀, kó lè máa rọra lọ."

Ó bu páúdà funfun kan sínú omi, ó pò ó, ó ní kí n wò ó. Omi náà ṣì mọ́ gaara, àmọ́ bó ṣe ń kán láti orí ṣíbí, bí oyin ni. Bàbá mi mu ún, kò wúkọ́. Nọ́ọ̀sì náà fún mi ní ìwọ̀nba tó kù nínú agolo rẹ̀.

"Ẹ máa rí i rà ní súpámákẹ́ẹ̀tì ńlá. Kò wọ́pọ̀ o. Ẹ ṣáà wá a dáadáa."

Mi ò mọ̀ nígbà yẹn pé iṣẹ́ ńlá ló gbé lé mi lọ́wọ́.

Èyí tó fún mi kò pẹ́ tán. Mo ní kí n fi ògì dí i ná. Mo po ògì tó ṣàn díẹ̀, mo gbé e fún bàbá. Ó mu ún láàárọ̀, ó mu ún lọ́sàn-án. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ó yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Láti ìgbà àìsàn náà, ọ̀rọ̀ kì í já geere lẹ́nu rẹ̀ mọ́, àmọ́ eléyìí já geere.

"Òǹgbẹ ń gbẹ mí, o ń fún mi lóúnjẹ."

"Ẹ ṣe sùúrù, Dádì. Mo máa rà á lọ́la."

"Omi," ó ní. "Omi ni mo ní kí o fún mi."

Mo wo ètè rẹ̀ tó ti gbẹ. Mo pinnu nínú ara mi pé bí nǹkan yìí bá wà ní Èkó, mo máa gbé e wálé.

Lọ́jọ́ kejì, mo gbàyè lẹ́nu iṣẹ́. Súpámákẹ́ẹ̀tì tó sún mọ́ wa ní Surulere ni mo kọ́kọ́ lọ. Mo mọ ibẹ̀ bí ẹni mọ yàrá ara rẹ̀, àmọ́ wọ́n ti tún ọjà tò. Ibi tí mílíìkì wà tẹ́lẹ̀, ọṣẹ ni mo bá níbẹ̀. Mo bi obìnrin kan tó ń to ọjà pé níbo ni páúdà wà. Ó nawọ́, mo tọ ibẹ̀ lọ, àtíkè àti ìpara ló kún ibẹ̀. Mo padà lọ bá a, mo ní kì í ṣe páúdà ojú, èyí tí wọ́n máa ń dà sínú nǹkan kó lè ki ni. Ó mú mi lọ sídìí kọ́sítáàdì.

"Àǹtí, eléyìí máa ń ki dáadáa."

"Omi lásán ni mo fẹ́ kó ki. Omi mímu."

Ó wò mí, ó bú sẹ́rìn-ín. "Omi kẹ̀? Kí lẹ fẹ́ fi omi tó ki ṣe?" Ó pe ẹnì kejì rẹ̀ pé kó wá gbọ́, wọ́n jọ ń rẹ́rìn-ín.

Inú bí mi débi pé mo ti yíjú sí ẹnu ọ̀nà. Mo tún dúró. Mo sọ fún wọn pé bàbá mi ò lè mu omi, pé bó ṣe ń mu ún ló ń pa á lórí. Ẹ̀rín kú mọ́ wọn lẹ́nu. "Ẹ má bínú, mà," èyí àkọ́kọ́ ní, ó sì bá mi wá a láti pẹpẹ dé pẹpẹ. Kò sí níbẹ̀. Ní Ìpọ̀nrí tí mo yà sí lẹ́yìn ìyẹn, ọlọ́jà fẹ́ fi ìyẹ̀fun àgbàdo lé mi lọ́wọ́, ó ń búra pé ọ̀kan náà ni. Mo dúpẹ́, mo jáde.

Oòrùn ti mú kí n tó dé Yaba. Mo júwe rẹ̀ fún obìnrin tó ń gbowó nínú súpámákẹ́ẹ̀tì ibẹ̀, ó tẹ kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó ní, "A ní in. Ó ṣì kù." Ó kù díẹ̀ kí n dì mọ́ ọn. Ó mú mi dé ibi tó yẹ kó wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ oúnjẹ ọmọ ọwọ́. Òfìfo la bá níbẹ̀. Ó wo abẹ́ pẹpẹ, ó wo ẹ̀yìn, ó lọ pe máníjà.

Máníjà dé, ọkùnrin pẹ̀lẹ́ kan tó de táì. "Ó lè jẹ́ pé kọ̀ǹpútà ló ṣì í, mà. Ẹ bá wa padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀."

Kò sí ìgbà tí mo kì í gba irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá ní kí n padà wá, mo máa ń padà wá ni. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn, ẹsẹ̀ mi kọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, bàbá mi ò lè gbé òǹgbẹ dé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Bí kọ̀ǹpútà yín bá ní ó wà, inú ilé yìí ló wà. Mo máa wá a."

"Gbogbo ilé yìí?"

"Gbogbo rẹ̀."

Mo bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà. Mo wo ìdí tíì, mo wo ìdí ṣúgà, mo ti ìgò sápá kan, mo wo ẹ̀yìn wọn, mo dá wọn padà sáyè wọn. Àwọn oníbàárà ń yà fún mi bí ẹni tí orí rẹ̀ ò pé. Nígbà tí máníjà rí i pé mi ò ṣeré, ó ká ọwọ́ aṣọ rẹ̀, ó mú apá kejì. Nídìí oúnjẹ ajá, ó yọjú sí mi. "Kò sí níhìn-ín, mà." Mo ní ká máa bá a lọ.

Nígbà tó yá, a dé ibi àwọn agolo ràgàjì tí àwọn géńdé tó ń gbé irin máa ń rà kí iṣan wọn lè yọ. Mo gbójú sókè. Lẹ́yìn wọn, lókè pátápátá, mo rí agolo kékeré kan tí wọ́n ya ife omi sí lára.

"Ìyẹn! Ẹ bá mi gbé ìyẹn!"

Máníjà gun àpótí, ó gbé e, ó tún rí ìkejì rẹ̀. Mo ka ara agolo náà tẹnu-tẹnu bí ọmọ ilé ìwé. Òun ni. Kò tíì bà jẹ́.

"Wọ́n rò pé ti àwọn oníṣan ni," máníjà ní, ojú ń tì í díẹ̀. "Kò sẹ́ni tó ń béèrè rẹ̀, mà."

"Wọ́n ń béèrè. Ibi àtíkè ni ẹ̀yin ọlọ́jà ń júwe fún wọn."

Ó rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín, omijé sì bọ́ lójú mi láìròtẹ́lẹ̀. Kí n tó kúrò níbẹ̀, mo ti gba ìlérí lẹ́nu rẹ̀ pé wọ́n á máa kó o wá.

Èyí tí mo kọ́kọ́ pò nílé ki jù, ṣíbí fẹ́rẹ̀ẹ́ lè dá dúró nínú rẹ̀. Mo dà á nù. Mo fi omi tútù po òmíràn, mo jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀ díẹ̀. Bàbá mi wo ife náà, ó wo ojú mi. Mo bá a di ife mú. Ó gbé díẹ̀ mì, ó dúró, òun àti èmi ń retí ikọ́. Ikọ́ ò dé. Ó mu ún títí ife fi gbẹ, ó gbé e fún mi.

"Kò dùn," ó ní. "Bu òmíràn wá."

Máníjà yẹn mú ìlérí ṣẹ, àmọ́ kì í ṣe nígbà gbogbo. Bí mo bá ti wọlé, wọ́n á ti máa wí fún ara wọn pé àǹtí olómi kíki ti dé. Kò dùn mí. Bí kò bá sí lórí pẹpẹ, mo máa ń ní kí wọ́n lọ wo inú sítọ́ọ̀ wọn, mo sì máa ń dúró títí wọ́n á fi jáde. Níjọ́sí, nọ́ọ̀sì tún yẹ ọ̀fun bàbá wò. Ó ní ó ti ń lágbára sí i, àmọ́ ká má tíì jáwọ́. Bàbá mi fọwọ́ òsì lu itan, ó ní ta ló fẹ́ jáwọ́.