Apá Kejì àti Fíìmù Àwọn Oníbúrẹ́dì

Ọkùnrin tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, Apá Kejì la máa ń pè é. Ó ní orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́, ṣùgbọ́n ìyàwó rẹ̀ nìkan ló ń fi pè é, ìyẹn náà nígbà tí inú bá ń bí i. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ fara ti tèmi. Èmi ń tún bàtà ṣe, òun ń yá àwọn ènìyàn ní fíìmù. Pákó kan péré ló wà láàárín wa. Bí ó bá sín, èmi ni mo máa ń sọ fún un pé pẹ̀lẹ́.

Fíìmù ilẹ̀ Tọ́kì nìkan ló ń yá ènìyàn. Ọdún mẹ́sàn-án ló fi ń lọ aṣọ nílé iṣẹ́ kan lọ́hùn-ún, ṣòkòtò jíǹsì, ọ̀ọ́dúnrún lójúmọ́. Ibẹ̀ ló ti gbọ́ èdè wọn. Nígbà tó ń bọ̀ wálé, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ra fíríìjì, àwọn kan ra ilẹ̀. Òun di àpò méjì fíìmù. Ìyàwó rẹ̀ tú àpò náà, ó wo inú rẹ̀, ó wo ojú ọkọ rẹ̀, ó ní, "Ọdún mẹ́sàn-án?" 

Bí o bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, kò ní jẹ́ kí o mú fíìmù fúnra rẹ. Á ní kí o jókòó sórí àga irin tó wà lẹ́nu ọ̀nà. Á wá bi ọ́ bíi dókítà pé, "Kí ló ń dà ọ́ láàmú?" Bí o bá ní kò sí, á ní kí o máa lọ sílé.

Nígbà tí ọmọ mi obìnrin kò pè mí fún oṣù márùn-ún, mo jókòó sórí àga náà. Ó fún mi ní èyí tó ń pè ní Àwọn Akunlé. Bàbá kan àti ọmọ rẹ̀ obìnrin ni. Wọ́n ń kun ilé tí ìyá kú sí. Wọn ò bá ara wọn sọ̀rọ̀ títí wọ́n fi kun yàrá mẹ́ta. Nígbà tí wọ́n dé yàrá kẹrin, ọ̀dà tán, bàbá ní, "Ọ̀dà ti tán." Ọmọ bú sẹ́kún. Mo bi Apá Kejì pé irú fíìmù wo nìyẹn. Ó ní, "Bàbá, ẹ ti pè é?" Mo ní mo ti pè é. Ó ní, "Ẹ̀hẹ́n."

Àwọn mìíràn máa ń bú u. Wọ́n á ní, "Apá Kejì, wákàtí kan gbáko, tíì ni wọ́n ń mu! Ṣé kò sí ẹni tó máa na ẹnì kan nínú fíìmù yìí ni?" Á ní, "Ẹni tí ò lè jókòó ti tíì kò lè jókòó ti ara rẹ̀." Mi ò fẹ́ràn irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ti dùn jù. Ṣùgbọ́n wọ́n máa ń padà wá.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ nìyí. Fíìmù wọn gùn, sídì méjì-méjì ni. Apá kìíní ló máa ń fún ọ. Apá kejì á wà nínú dúrọ́ọ̀ rẹ̀ tó ní kọ́kọ́rọ́. Ìgbà tí o bá dá ti àkọ́kọ́ padà lo tó lè gba èkejì. Ẹni tó bá fẹ́ jí i, ìdajì ìtàn ló máa jí. Ibẹ̀ ni orúkọ rẹ̀ ti wá. Kì í sì í sọ ìparí fún ẹnikẹ́ni. Obìnrin kan fi ẹkún bẹ̀ ẹ́ lójú mi pé, "Ẹ ṣáà sọ fún mi bóyá ó kú." Ó ní, "Ẹ dá sídì mi padà, ẹ ó rí i."

Ọgbọ́n yìí ló fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ènìyàn.

Wẹ́dà kan wà ní igun òpópónà wa. Ó ga, ó dákẹ́, ojú rẹ̀ máa ń pọ́n nítorí iná irin. Òun ló jó àga irin Apá Kejì pọ̀. Wẹ́dà ni bàbá rẹ̀ náà, ṣọ́ọ̀bù bàbá sì wà ní òdìkejì ojú irin rélùwéè, pẹ̀lú bọ́ọ̀dù ńlá kan: orúkọ bàbá, lẹ́yìn náà "àti Àwọn Ọmọ". Ọmọkùnrin méjì ni bàbá bí. Nígbà tí bàbá kú, èyí ẹ̀gbọ́n pààrọ̀ àgádágodo. Àbúrò, ìyẹn Wẹ́dà wa, dé láàárọ̀ ọjọ́ kan, kọ́kọ́rọ́ ọwọ́ rẹ̀ kò ṣí i. Kò kan ilẹ̀kùn. Ó padà. Ọdún mẹ́fà, wọn ò sọ̀rọ̀.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, ó wá jókòó sórí àga tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ jó. Mo ń rán bàtà, mo ń gbọ́.

"Kí ló ń dà ọ́ láàmú?"

"Ó ti kùn ún."

"Kí ló kùn?"

"Àti Àwọn Ọmọ. Ọ̀dà dúdú ló fi pa á. Mo kọjá níbẹ̀ lónìí. Bùọ̀dá, ó ti pa mí rẹ́ lórí bọ́ọ̀dù bàbá mi."

Apá Kejì dìde. Mo gbọ́ tó ń tú sídì. Ó ní, "Mú èyí. Àwọn Oníbúrẹ́dì. Nínú gbogbo èyí tí mo ní, òun ni mo fẹ́ràn jù. Ohun tó yẹ kí o ṣe wà nínú rẹ̀."

"Ṣé wọ́n á mu tíì?"

"Wọ́n á mu ún."

"Mo ti mọ̀," ni Wẹ́dà wí, ó sì lọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ìyàwó Wẹ́dà dé. Tẹ́lọ̀ ni. Okùn ìwọ̀n wà lọ́rùn rẹ̀ síbẹ̀. Ó na sídì sí Apá Kejì.

"Ẹ káàárọ̀ sà. Ó ní kí n dá a padà."

"Ó yá jù! Ó wò ó tán lánàá?" Inú Apá Kejì dùn. Ó ṣí dúrọ́ọ̀, ó mú apá kejì. "Gba èyí fún un."

"Ó ní òun ò nílò rẹ̀ mọ́."

Ọwọ́ rẹ̀ dúró lókè. "Kò nílò rẹ̀ báwo?"

"Ó ní ohun tí ẹ fẹ́ sọ ti yé òun. Ó ní láti ọdún mẹ́fà, ẹ̀yin nìkan lẹ sọ ohun tí ọkùnrin ń ṣe fún òun."

Mo fi bàtà sílẹ̀. Mo dìde.

"Níbo ló wà?" ni Apá Kejì bi í.

"Ó ti jáde. Ó mú páìpù irin kan, ó fi àpò búrẹ́dì wé e. Mo ní ṣé iṣẹ́ ló ń lọ, ó ní bẹ́ẹ̀ ni." Ó kọjú sí mi. "Ṣùgbọ́n kò mú ìbòjú rẹ̀. Bàbá Oníbàtà, wẹ́dà wo ló ń lọ síṣẹ́ láìmú ìbòjú?"

"Pè é lórí fóònù," ni mo wí.

"Fóònù rẹ̀ rèé lọ́wọ́ mi. Orí bẹ́ẹ̀dì ló fi sí."

"Pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀."

"Ó ní kí n pa nọ́ńbà rẹ̀ rẹ́ lọ́dún tó kọjá."

Mo kọjú sí Apá Kejì. "Kí ló wà nínú apá kìíní?"

 Ó ní ẹ̀gbọ́n kan ló lé àbúrò rẹ̀ jáde nílé búrẹ́dì bàbá wọn. Àbúrò lọ sílùú ńlá, ó ń fọ abọ́ fún ọdún mọ́kànlá. Ó ra ìbọn. Ó fi àpò búrẹ́dì wé ìbọn náà, ó wọ bọ́ọ̀sì nínú yìnyín, ó forí lé ilé.

"Lẹ́yìn náà ńkọ́?"

"Ibẹ̀ ni apá kìíní parí sí."

"Mo ní lẹ́yìn náà ńkọ́?"

Ó ya ẹnu, ó tún pa á dé. Ẹ gbà mí! Ọjọ́ náà gan-an, kò lè sọ ọ́.

"Orí rẹ dàrú ni?" ni mo wí. "Gbé alùpùpù rẹ."

Àwa mẹ́ta la gun un. Èmi ni mo wà láàárín bí ẹja inú agolo. Apá Kejì ń sá fún kòtò, ó ń já sínú òmíràn. Tẹ́lọ̀ ń gbàdúrà sí mi létí. Nígbà tí a dé ojú irin, ẹ̀ṣọ́ ti gbé igi dábùú ọ̀nà. Ọkọ̀ ojú irin tó ń kó ẹrù ló ń kọjá, irú èyí tí kì í tán.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká kọjá," ni Apá Kejì wí.

Ẹ̀ṣọ́ ní, "Bẹ́ẹ̀ bá fẹ́ kú, ẹ lọ kú níwájú ọ̀gá mi. Kì í ṣe níwájú mi."

Ọkọ̀ ń lọ, kẹ́kẹ́kẹ́, kẹ́kẹ́kẹ́. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wo abẹ́ rẹ̀. Mo rí ẹsẹ̀ kan lódìkejì tó ń rìn lọ, kò yára, kò sì falẹ̀. Èmi mọ bàtà ju ojú ènìyàn lọ. Bàtà aláwọ̀ ilẹ̀ ni, mo fi táyà ṣe àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ lóṣù tó kọjá.

"Òun nìyẹn," ni mo wí.

Ìyàwó rẹ̀ ké, "Bàbá àwọn ọmọ mi!" Ọkọ̀ gbé ohùn rẹ̀ mì. Ẹsẹ̀ náà kò dúró. Ó yà sọ́wọ́ òsì, ibi tí ṣọ́ọ̀bù bàbá wà.

Nígbà tí igi fi máa lọ sókè, omi ti ń bọ́ lára mi bí ẹni tó wẹ̀.

Ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù ṣí sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n wà nínú, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ géètì kan, ìbòjú wà lójú rẹ̀, iná irin ń ta pàrà-pàrà. Kò lè gbọ́ nǹkan kan. Àbúrò wà lẹ́yìn rẹ̀. Àpò búrẹ́dì ti wà nílẹ̀. Páìpù wà lókè lọ́wọ́ rẹ̀.

Apá Kejì ju alùpùpù sílẹ̀ fún wa, ó sáré lọ síwájú. Ó ṣubú, ó dìde, eruku bò ó. "Wẹ́dà! Fíìmù náà kò tíì parí!"

"Apá Kejì, máa lọ sílé," ni Wẹ́dà wí. Kò yíjú.

Iná kú. Ẹ̀gbọ́n gbé ìbòjú sókè. Ó rí àbúrò rẹ̀, ó rí páìpù. Kò sá.

"Ṣé o wá pa mí ni?"

"Ta ló ní kí o kùn ún?" Kò pè é ní bùọ̀dá. Ó ń bá a sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá ọmọdé sọ̀rọ̀. 

Apá Kejì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Kò rọ̀ ọ́ lọ́rùn rárá. "Ó dé ibẹ̀. Àbúrò. Inú fíìmù ni mò ń wí. Ilẹ̀ kò tíì mọ́ dáadáa. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń po ìyẹ̀fun. Ọwọ́ rẹ̀ kan ti rọ, ọwọ́ kan ló fi ń pò ó. Ìyẹ̀fun náà pọ̀. Ó mọ̀ pé ẹnì kan wà lẹ́yìn òun, ó sì mọ ẹni náà. Kò wẹ̀yìn. Àbúrò yọ ìbọn. Ẹ̀gbọ́n wá ní..."

Ó dúró. Ó ti mọ́ ọn lára. Mo gbá a lẹ́yìn.

"Kí ló wí?"

Kì í ṣe Wẹ́dà ló bèèrè. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni.

"Ó ní, 'Lọ fọwọ́. Ìyẹ̀fun ń dúró.'"

"Kò bẹ̀ ẹ́?" ni Wẹ́dà wí.

"Kò bẹ̀ ẹ́."

"Irọ́ ni. O ṣẹ̀ṣẹ̀ hun ún ni."

Apá Kejì fa sídì kejì yọ nínú àpò ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Ó nà án síta. "Lọ wò ó. Mi ò fẹ́ kí o dá a padà."

Kò sẹ́ni tó gbà á. Páìpù ṣì wà lókè. Ẹ̀gbọ́n fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, ó sì sọ̀rọ̀, kò wo ẹnì kankan.

"Gbogbo ẹni tó bá gbé iṣẹ́ wá á wo bọ́ọ̀dù. Á ní, 'Ọmọ kan ni mo rí, àwọn yòókù dà?' Mo máa ń ní ó rìnrìn àjò. Ọdún mẹ́fà. Irọ́ náà ti sú mi. Ìdí tí mo fi kùn ún nìyẹn."

 Mo gbọ́ tí irin gbígbóná ń tutù, ó ń dún tín, tín.

Ẹ̀gbọ́n ní, "Omi wà nínú kẹ́ẹ̀gì."

Wẹ́dà dúró títí. Mo rò pé kò gbọ́. Lẹ́yìn náà ó rìn lọ sídìí ògiri. Kò ju páìpù náà sílẹ̀. Ó fi ti ògiri bí ẹni tó máa lò ó. Ó lọ sídìí kẹ́ẹ̀gì, ó fọwọ́. Ìyàwó rẹ̀ jókòó sórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú eruku, pẹ̀lú okùn ìwọ̀n lọ́rùn. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ yíjú padà, ẹ̀gbọ́n ti bọ́ ìbòjú, ó nà án sí i.

"O ò mú tìrẹ," ni ó wí.

Mi ò ní sọ pé gbogbo nǹkan ti dára. Wọ́n kì í jẹun pọ̀. Ọ̀dà dúdú ṣì wà lórí bọ́ọ̀dù náà. Ṣùgbọ́n bí mo bá kọjá níbẹ̀ lówùúrọ̀, iná méjì ni mo máa ń rí.

Apá Kejì kò ti dúrọ́ọ̀ rẹ̀ mọ́. Méjèèjì ló ń fún ènìyàn lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n ti jí mẹ́rin lọ pátápátá, Àwọn Akunlé wà nínú rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ní, "Ọdún mẹ́sàn-án," ó sì rẹ́rìn-ín. Ìparí nìkan ni kì í sọ síbẹ̀. Mo ti bi í lóhun tó ṣẹlẹ̀ sí ìbọn oníbúrẹ́dì yẹn. Ó ní kí n lọ wò ó.

Bí ẹ bá fẹ́ fíìmù Tọ́kì, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí ìyẹn. Wọ́n á mu tíì, ẹ fara dà á. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó kúrò ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ ṣí páálí rẹ̀ wò, kí ẹ rí i pé sídì méjèèjì wà níbẹ̀.