Gàrí Ojú Ọ̀nà àti Ìràwọ̀ Ẹ̀gbọ́n Mi

Kò sẹ́ni tó mọ moto wà tó mi láti Ifangni dé Banigbé. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìyẹn ná. Ilé-ìwé sú mi ní quatrième, ọdún kẹta ní sẹ́kọ́ńdírì, ni mo bá di zémidjan, mo ń fi moto ẹlẹ́sẹ̀ méjì gbé èrò. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ò fìwé sílẹ̀ ní tiẹ̀. Physique ló kà ní yunifásítì, ó wá ń wo ìràwọ̀. Wọ́n gbà á sílé-ìwé kan lókè òkun, kí ọ̀sẹ̀ sì tó parí ló gbọ́dọ̀ fèsì. Bàbá wa ní kò níí lọ.

"Torí ìràwọ̀ lo fẹ́ kọjá òkun? Ṣé wọ́n sọnù ni?"

"Bàbá, àwọn la fi ń mọ bí galaxie wa, agbo ìràwọ̀ tí ayé wà nínú ẹ̀, ṣe wúwo tó."

"Ta ló gbé e sórí òṣùwọ̀n?"

Ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ò jẹun lálẹ́ yẹn.

Lọ́jọ́ kejì, mo gbé àpò gàrí Bàbá bọ̀ láti Banigbé. Mo sáré dáadáa. Àṣé ọ̀pá èéfín moto ti jó ìdí àpò náà, mi ò mọ̀. Ìgbà tí mo délé, àpò ti rọ̀ jọ̀wọ̀lọ̀.

"Ọ̀gá dẹ́rẹ́bà," ẹ̀gbọ́n mi ní, "ẹrù ẹ ti ń tọ̀ bọ̀ látọ̀nà."

Bàbá bọ́ sójú ọ̀nà, àwa méjèèjì tẹ̀lé e. Gàrí tò lọ funfun lórí ilẹ̀ pupa, adìẹ ti ń ṣà á jẹ.

"Ibí lo ti ń sáré, ó fọ́nká," Bàbá ní. "Ibí lo ti rọra, ó nípọn."

Nígbà tó yá, gàrí náà yà sí etí koríko, ó tún padà sáàárín ọ̀nà. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀.

"Nǹkan ńlá kan ló wà níbí nígbà tó o kọjá. Kí lo yà fún?"

"Màlúù ni, Bàbá. Wọ́n dùbúlẹ̀ sójú ọ̀nà."

Ẹ̀gbọ́n mi dúró gbagidi. "Bàbá, ẹ̀yin ò rí màlúù kankan. Báwo lẹ ṣe mọ̀?"

Bàbá nawọ́ sí gàrí. Ẹ̀gbọ́n mi wá ní:

"Voilà, ẹ ò rí i. Àwọn ìràwọ̀ kan wà tí wọ́n ṣùjọ bí àpò yẹn. Wọ́n ń yí galaxie wa po, òun náà ń fà wọ́n ya, wọ́n ń jábọ́ díẹ̀díẹ̀, wọ́n ń tò lọ gbọọrọ lójú ọ̀nà wọn. Bí ìlà yẹn ṣe tẹ̀ la fi ń mọ bí galaxie ṣe wúwo tó. Tó bá yẹ̀ tàbí tó já láàárín, nǹkan wúwo kan ló kọjá níbẹ̀ tójú wa ò rí. Iṣẹ́ tí mo fẹ́ lọ ṣe nìyẹn."

Bàbá tún wo ibi tí gàrí ti yà.

"Ṣé wọ́n á máa fún ẹ lóúnjẹ níbẹ̀?"

"Wọ́n á máa fún mi, Bàbá."

"Bon. Máa lọ. Ṣùgbọ́n máa pè mí ní gbogbo Jímọ̀." Ó yíjú sí mi. "Ìwọ, lọ mú ìgbálẹ̀ wá."

Mo gbá gàrí oníyanrìn lọ́jọ́ yẹn tí ẹ̀yìn fi ń dùn mí, inú mi sì ń dùn. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó fún mi ní bàbá tí ọkàn rẹ̀ lè yí padà. Ní gbogbo Jímọ̀ báyìí tí ẹ̀gbọ́n mi ti wà lókè òkun, bí wọ́n bá ti kírun tán, Bàbá á gba fóònù lọ́wọ́ mi, kò tiẹ̀ ní í kí ẹ̀gbọ́n mi tán kó tó béèrè pé, "Kí lẹ tún rí?"