Ààrò Ìyá Mi àti Òfin Àwọn Onílé

Òórùn ẹja yíyan ni mo fi ń mọ̀ pé mo ti délé nígbà tí mo wà nílé ìwé girama. Bí mo bá ti sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ní ibùdókọ̀ Agric, tí mo yà sí àdúgbò wa, òórùn náà á ti wá pàdé mi lọ́nà kí n tó rí ilé tí a háyà. Iwájú ilé yẹn ni ìyá mi gbé ààrò rẹ̀ sí: àgbá tí wọ́n là sí méjì, wáyà tí wọ́n tẹ́ lé e lórí, àti páànù tó fi ń bò ó kí èéfín lè wọ inú ẹja dáadáa. Ẹja àrọ̀ àti ẹ̀pìyà tí wọ́n ń kó wá láti Ẹ̀pẹ́ ló ń yàn. Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni òun fúnra rẹ̀, ọmọ àwọn Mùsùlùmí tí wọ́n lé kúrò ní Ìsàlẹ̀ Èkó láyé àtijọ́, tí wọ́n wọkọ̀ ojú omi lọ tẹ̀dó sétí ọ̀sà. Wọ́n máa ń sọ nílé wọn pé kò sẹ́ni tó lè fi lílé dẹ́rù ba ọmọ ẹni tí wọ́n ti lé rí. Mo gba ọ̀rọ̀ yẹn gbọ́ pátápátá. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi a máa pè mí ní Màdáámù Ẹja torí pé èéfín náà wà nínú aṣọ ilé ìwé mi, ó sì ń dùn mí, ṣùgbọ́n ẹja yẹn la fi ń jẹun, òun la fi ń san gbogbo ohun tó yẹ ní sísan, n ò sì lè ya ẹnu mi sọ pé kó má yan án mọ́.

Àdúgbò náà wá ń yí padà. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àti ti ilé báńkì ń ra ilẹ̀, wọ́n ń kọ́ ilé alájà kan, wọ́n ń mọ fẹ́ǹsì gíga, wọ́n á jáde lọ sí Èkó kí ilẹ̀ tó mọ́, wọ́n á sì padà dé nígbà tí ojú wọn bá ti pọ́n. Irú wọn ni alága ẹgbẹ́ onílé. Ọ̀gá ni ní ọ́fíìsì kan, ó sì máa ń ká ọwọ́ sẹ́yìn rìn bíi pé òun ló da ọ̀dà sí títì. Òun ló mú òfin náà wá síbi ìpàdé: pé àdúgbò wa, ilé gbígbé nìkan ló wà fún, pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ṣí ṣọ́ọ̀bù, kò gbọdọ̀ dín nǹkan, kò gbọdọ̀ yan nǹkan níwájú ilé. Ìyá mi lọ síbi ìpàdé náà. Ṣùgbọ́n àṣà wọn ni, wọn kò sì tíì yí i padà títí dòní, pé ayálégbé kì í sọ̀rọ̀ níbi ìpàdé onílé. Ẹni tí kò ní ilé kò ní ẹnu. Ó kúnlẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà, ó ń wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ èéfín rẹ̀, ó sì wà lórí ìkúnlẹ̀ nígbà tí wọ́n nawọ́ sókè. Bàbá arúgbó tó ni ilé tí a ń gbé nawọ́ pẹ̀lú wọn.

Ní Sátidé tí gbogbo èèyàn ń gbá àyíká, alága àti àwọn onílé wá sí iwájú ilé wa. Ẹja wà lórí iná. Ìyá mi bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kí eléyìí jiná, òun á kó ẹrù òun nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Alága fi bàtà rẹ̀ ti àgbá náà, tẹja tiná, sínú gọ́tà. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ìgbálẹ̀ lọ́wọ́, mo rí gbogbo rẹ̀. Ohun tó bí mi nínú jù ni pé ìyá mi tún tẹrí ba fún un, ó ní, “Ẹ ṣeun, Alága,” ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa ẹja rẹ̀ nínú omi dúdú. Kí oṣù náà tó parí, ó ti padà sí Ẹ̀pẹ́. Ó fi mí sọ́dọ̀ àbúrò rẹ̀ obìnrin ní ìtòsí gáréèjì kí n lè parí ìwé mi. Bẹ́ẹ̀ la ṣe di ẹni tó ń rí ara wa lọ́jọ́ Iléyá nìkan.

Ní Ẹ̀pẹ́, ta ni kì í yan ẹja? Àwọn tó ń sọ̀ kalẹ̀ ní Agric lálaalẹ́, tí wọn kò ní àyè láti dáná, àwọn ni oníbàárà ìyá mi, kò sì sí irú wọn ní Ẹ̀pẹ́. Ó rù. Ní gbogbo ìgbà tí mo bá lọ wò ó tí mo rí egungun ọrùn rẹ̀, ojú alága yẹn ni mo máa ń rí. Mo búra pé màá gbẹ̀san. Ẹ wo ọmọdébìnrin tí ń búra nínú yàrá àǹtí rẹ̀: lákọ̀ọ́kọ́, mo ní màá di lọ́yà; nígbà tó yá, mo ní màá di gómìnà, màá rán katakata lọ wó ilé rẹ̀ ní àárọ̀ kùtùkùtù. N kò di ìkankan. Ọ́fíìsì kan ní Èkó ni mo bá ara mi, tí mo ń ṣe àkọsílẹ̀ ọjà tó wọlé àti èyí tó jáde. Ṣùgbọ́n ọ̀nà mìíràn hàn sí mi. Nígbà tí èmi àti ọkọ mi fẹ́ ra ilé, ó ní ká lọ sí apá Ìjẹ̀dé níbi tí afẹ́fẹ́ ti dára. Mo kọ̀. Bàbá tó ni ilé tí a háyà nígbà yẹn ti kú, àwọn ọmọ rẹ̀ sì fẹ́ tà á. Mo ní ilé yẹn ni mo fẹ́, pẹ̀lú ògiri rẹ̀ tó sán àti òrùlé rẹ̀ tó ń jò. Ọkọ mi rò pé ìfẹ́ ibi tí mo gbé dàgbà ló ń dà mí láàmú. Mo jẹ́ kó máa rò bẹ́ẹ̀.

Mo di onílé, mo di ẹlẹ́nu. Alága ṣì wà lórí àga rẹ̀, irun rẹ̀ ti funfun, kò sì mọ̀ mí. Báwo ni yóò ṣe mọ ọmọ ayálégbé tó ti ń jẹ́ orúkọ ọkọ? Mo fara balẹ̀. Àwọn àgbà ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ là ń pa àmúkùrù ẹ̀pọ̀n. Kò sí ìpàdé tí n kì í lọ. Mo jókòó gbọ́ àríyànjiyàn lórí bóyá gọ́tà ni ká kọ́kọ́ ṣe tàbí tiransifọ́mà, bóyá géètì ni ká fi sẹ́nu àdúgbò tàbí iná ojú títì. Mo ń bá wọn bẹ gọ́tà wò nínú òjò. Mo lọ sí káńsù fún wọn títí àwọn akọ̀wé ibẹ̀ fi ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀. Kí ẹ tó mọ nǹkan kan, wọ́n ti sọ mí di akọ̀wé ẹgbẹ́, gbogbo èèyàn sì ń yìn mí pé obìnrin tó fẹ́ràn ìlọsíwájú àdúgbò nìyí. Ìlọsíwájú wo? Inú ló ń bí mi. Bí ẹ bá rí gọ́tà tó dára ládùúgbò wa lónìí, ìbínú ló gbẹ́ ẹ.

Ọjọ́ tí mo ń dúró dè dé lẹ́yìn tí alága fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́. Owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ kò tètè jáde. Ó wó fẹ́ǹsì rẹ̀, ó kọ́ ṣọ́ọ̀bù sí i lọ́wọ̀ọ̀wọ́, ó fi ilẹ̀kùn irin sí wọn, kó tó rántí pé òfin wà. Ó dá a lójú pé inú àpò òun ni gbogbo ìpàdé wà. Nígbà tó wá dìde láti sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ dùn. Ó ní ayé ti yí padà, ó ní kí á ṣí iwájú ilé gbogbo wa sílẹ̀ fún òwò, onílé àti ayálégbé, kí oníkálukú lè rí nǹkan fi gbọ́ bùkátà. Orí bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Mo dìde. Mo kí wọn. Mo bẹ̀rẹ̀ láti orí oorun àwọn ọmọ wa, mo bọ́ sí ariwo ẹ̀rọ amúnáwá, mo bọ́ sí àwọn ọ̀dọ́ tí yóò máa jókòó síwájú ṣọ́ọ̀bù, mo wá ní, “Alága wa fúnra wọn ló kọ́ wa pé àdúgbò kì í ṣe ọjà. Bí a bá wá fẹ́ rú òfin nítorí ẹnì kan, a jẹ́ pé àwọn tálákà nìkan la ṣe òfin ọ̀hún fún.” Wọ́n pàtẹ́wọ́. Nígbà tí a nawọ́, àbá rẹ̀ ṣubú yakata. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ di títì pa.

Ó wá sí ilé mi ní ọjọ́ kejì. Mo fún un ní omi, kò mu ún. Ó ní oògùn ìyàwó òun nìkan ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ gbogbo ohun tó kù lọ́wọ́ òun, ó ní ṣọ́ọ̀bù yẹn nìkan ni ìrètí òun. Ó ní, “Akọ̀wé mi, kí ni mo fi ṣẹ̀ ọ́?”

Mo ti ń dúró de ìbéèrè yẹn láti ọjọ́ tí mo ti di ìgbálẹ̀ mú lẹ́nu ọ̀nà. Mo ní, “Ṣé ẹ rántí obìnrin tó ń yan ẹja níwájú ilé yìí, sà?”

Ó ronú. Mo rí i pé ó ń ronú tọkàntọkàn. Ó ní, “Obìnrin wo?”

“Ìyá mi ni. Ẹ fi bàtà ti ààrò rẹ̀ sínú gọ́tà.”

Ó mi orí díẹ̀díẹ̀, ó ní òun kò rántí. Wọ́n ní ẹni tó ṣu ni í gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Mo rò pé inú mi yóò dùn lọ́jọ́ yẹn, àfi bí mo ṣe fẹ́ gbá a létí. Mo ṣí ilẹ̀kùn fún un, ó sì jáde.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo forí lé Ẹ̀pẹ́ láti lọ ròyìn fún ìyá mi. Inú ọkọ̀ ni mo ti ń rẹ́rìn-ín. Mo bá a níwájú ààrò rẹ̀ létí ọ̀sà, mo jókòó sórí àpótí, mo sọ ọ́ látìbẹ̀rẹ̀ dópin, mo tilẹ̀ fi ohùn alága sọ̀rọ̀. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ń yí ẹja rẹ̀ padà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó wá ní, “Àbá tí ọkùnrin yẹn mú wá, ṣé iwájú ilé tirẹ̀ nìkan ló ní kí wọ́n ṣí ni?”

Mo ní, “Rárá, mà. Ti gbogbo àdúgbò.”

“Títí kan iwájú ilé tìẹ?”

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó gbé páànù bo ẹja náà. Ó ní, “A jẹ́ pé ó fẹ́ dá mi padà, ìwọ ọmọ mi lo ní kí n má wá.”

Ní gbogbo ọdún tí mo fi ń ṣọdẹ alága, kò wá sí mi lọ́kàn rí láti bi ìyá mi bóyá ó fẹ́ padà. Ó fẹ́ padà. Ó ti ń retí pé ọmọ tó ra ilé yóò sọ pé kí òun wá gbé ààrò òun sí ibi tó wà tẹ́lẹ̀, kí ọjọ́ ogbó bá òun nítòsí àwọn ọmọ-ọmọ òun. Kò sọ ọ́ torí pé ó rò pé mo mọ̀.

Èmi fúnra mi ni mo gbé àbá náà padà wá síbi ìpàdé. Ẹ gbà mí, ojú tì mí, ṣùgbọ́n mo sọ ọ́. Àwọn kan ní ṣé kì í ṣe èmi ni mo sọ̀rọ̀ oorun àwọn ọmọdé. Àwọn mìíràn ti ń ronú nípa ṣọ́ọ̀bù tiwọn. Nígbà tí a nawọ́, ọwọ́ dọ́gba. Àṣà ẹgbẹ́ wa ni pé bí ọwọ́ bá dọ́gba, ti alága ni yóò parí ọ̀rọ̀. Ọkàn mi balẹ̀ wọ̀ọ̀. Ta ni kò ní ṣí ṣọ́ọ̀bù ara rẹ̀? Gbogbo ilé kọjú sí i. Ó yọ awò ojú rẹ̀, ó ń fi etí agbádá nù ún.

Ó ní, “Akọ̀wé, ta ló fẹ́ wá tajà níwájú ilé rẹ?”

Mo ní, “Ìyá mi ni, sà.”

Ó ní, “Mo ti wá rántí rẹ̀ báyìí.” Ó nawọ́ sókè pé kí òfin dúró bó ṣe wà.

Ó ti pẹ́ díẹ̀ báyìí. Òfin náà ṣì wà. Ilẹ̀kùn irin àwọn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ti dógùn-ún, ìyàwó rẹ̀ sì ń lọ gba oògùn ní ọsibítù ìjọba, níbi tí wọ́n ti ń tò láti àárọ̀. Ìyá mi ń yan ẹja ní Ẹ̀pẹ́, mo sì máa ń lọ kó èyí tí a óò jẹ wá sílé. Èmi àti alága ń kí ara wa láràárọ̀, kò sẹ́ni tó ń yẹ̀ sẹ́yìn. Ó lè bèèrè àwọn ọmọ, èmi náà á bèèrè ara ìyàwó rẹ̀. Àwọn aládùúgbò ní kí á parí ìjà. Wọn ò mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Nígbà tó na ọwọ́ yẹn sókè, tó sì ń wò mí, tó mọ ohun tí òun ń pàdánù, síbẹ̀ tó yàn án kí ọwọ́ mi má bàa tẹ ohun tí mo ń fẹ́, mo mọ ohun tó wà nínú rẹ̀ ju bí ìyàwó rẹ̀ ṣe mọ̀ ọ́n lọ. Bí wọ́n bá fi mí sípò rẹ̀ lónìí, ohun tó ṣe gan-an ni màá ṣe.